Ìwé Kì Í Dá Rìn

Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ kan bú ara wa, pé ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún aláwọ̀ dúdú, inú ìwé ni kó fi í sí. A ń sọ ọ́ níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, a ń sọ ọ́ lórí rédíò, a tilẹ̀ ń kọ ọ́ sínú ìwé. Láìpẹ́ yìí ni èkejì rẹ̀ wá dé, òun ló sì gbòde báyìí: pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù júwe ìwé fún ara wọn, tí wọ́n ń ya àwòrán èèpo ìwé, tí wọ́n ń kéde pé ìpàdé òǹkàwé yóò wáyé ní Sátidé, ariwo lásán ni wọ́n ń pa, pé ẹni tó ń kàwé kì í sọ̀rọ̀, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò kàwé. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpè. Olùkọ́ wà nínú wọn, òǹkọ̀wé wà nínú wọn, àwọn òbí tí owó dátà ọmọ ti sú sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tọ̀nà, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀. Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò kà á. Láti ìgbà tí a ti ń tẹ èdè Yorùbá sórí bébà ló ti rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn tó ń júwe ìwé lórí ayélujára ń ṣe, iṣẹ́ àtijọ́ ni. Àwọn tí a gbé e lé lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ ló ti fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gba Abẹ́òkúta lọ. Oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend, òyìnbó oníwàásù ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS, tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá jáde nílùú náà. 120 owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á. Ohun tí Townsend ní lọ́kàn ni kí ó mọ́ àwọn ènìyàn lára láti máa fi ìwé kíkà wádìí ohun tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀. Ẹ kíyè sí i pé ìròyìn ló fi fà wọ́n: ta ló dé, ta ló lọ, ta ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìrìbọmi fún, ta ló kú. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ti ń bá ara wọn sọ tẹ́lẹ̀ ló gbé sórí bébà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Bíbélì tí wọ́n parí títúmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá ní 1884. Ọ̀pọ̀ arúgbó tí kò mọ A yàtọ̀ sí B ló mọ Sáàmù mélòó kan sórí, nítorí pé ẹnì kan kà á sí wọn létí, ó sì sọ fún wọn pé èyí wà fún ọjọ́ ìpọ́njú, èyí sì wà fún ọjọ́ ọpẹ́. Kí ènìyàn ti ilẹ̀kùn mọ́rí kó máa dá ìwé kà, ó dára, ó sì ní àyè tirẹ̀. Àmọ́ ìwé kò gba ọ̀nà yẹn wọ àárín wa.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ wà ní Èkó. Ní 1929, Isaac Babalola Thomas, tó dá ìwé ìròyìn Akéde Èkó sílẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Obìnrin náà lẹ́wà nígbà èwe, ó jayé, àìsàn wá dá a dùbúlẹ̀, ó sì ń fi omijé ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ àwọn lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìlú dàrú. Àwọn kan gbà pé ẹni gidi ni, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n. Àwọn kan bínú sí i. Àwọn kan ń bi ara wọn léèrè ta lẹni náà ní àdúgbò wọn. Lẹ́tà àwọn òǹkàwé wọlé, ìwé ìròyìn kan náà sì tẹ̀ wọ́n jáde fún gbogbo ènìyàn láti rí. Ìgbà tí ariwo yìí ti ń lọ ni wọ́n tó wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ìwé ní 1930, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń kà sí ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá lónìí. Ẹ wo bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra. Àríyànjiyàn àwọn òǹkàwé ti ń lọ ní gbangba kí ìwé tó di ìwé. Bí Akéde Èkó bá wà lórí fóònù ni, àwọn kan ì bá ti máa wí pé àwọn tó ń kọ lẹ́tà wọ̀nyẹn ń fi àkókò ṣòfò, pé kí wọ́n lọ jókòó kàwé. Ariwo tí wọ́n pa yẹn ló bí ìwé tí à ń fi yangàn báyìí.

Lẹ́yìn ìgbà náà, ilé-ẹ̀kọ́ ló wá gba iṣẹ́ náà ṣe. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ jáde ní 1938, ìran lẹ́yìn ìran ló sì kà á nítorí pé tíṣà gbé e lé wọn lọ́wọ́, wọ́n kà á sókè ní kíláàsì, wọ́n lọ sọ ọ́ nílé. Tíṣà ni ẹni tó júwe ìwé fún wa nígbà náà. Ẹ̀yìn tíṣà ni eré orí ìtàgé wà, ẹ̀yìn eré ni fíìmù wà. Àpẹẹrẹ kan péré tó. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ Ó Le Kú ní 1974. Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin fi ń rán ìró tó mọ ní orúnkún pẹ̀lú bùbá, wọ́n sì ń pe aṣọ náà ní Oleku. Orúkọ ìwé wọ ọ̀dọ̀ aránṣọ, ó wọ ibi ìgbéyàwó, ó wọ ẹnu àwọn tí kò tíì rí èèpo ìwé náà rí. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé inú ìwé ló ti jáde, pé Àjàní akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ló ń wá ìyàwó kó tó jáde, tí ọ̀rọ̀ Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé sì tojú sú u, ó ṣeé ṣe kí ó lọ wá ìwé náà rà. Bí kò bá sí ẹni tó sọ ọ́, aṣọ ni yóò mọ̀ mọ.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àtúntò ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1986, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí SAP, fọ́ náírà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bébà, yíǹkì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń ti òkè òkun wá, owó wọn sì di ohun tí apá kò ká. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé sá sídìí ìwé ilé-ẹ̀kọ́, èyí tó dájú pé ìjọba àti òbí yóò rà. Ìtàn àròsọ Yorùbá tó bá ti tán nílẹ̀, wọn kò tún un tẹ̀. Ilé ìtàwé tí ènìyàn lè wọ̀ láìní ohun kan pàtó lọ́kàn, kó máa tú ìwé wò títí yóò fi rí èyí tó wù ú, dínkù ní ọ̀pọ̀ ìlú wa. Èyí tó ṣẹ́kù, ìwé àdúrà àti ìwé ìdánwò ló kún pẹpẹ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni sì ń fi ìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà, ká má tíì sọ pé kí wọ́n gbé Fágúnwà lé e lọ́wọ́. Gbogbo àwọn tó máa ń sọ fún wa pé ìwé wà ló pa ẹnu mọ́ láàárín ìran kan. Ká wá yíjú sí òǹkàwé ká ní òun ni kò fẹ́ràn ìwé, ìwà ìrẹ́jẹ ni. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò: ọjà tí a gbé sínú yàrá tí a tilẹ̀kùn mọ́, a kò lè torí pé kò tà ká máa bú ẹni tó ń kọjá ní títì.

Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òǹkàwé lásán lè jí ìwé dìde, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwé Madeline Miller, ọmọ Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ The Song of Achilles. 2011 ni ìwé náà jáde. Ó gba ẹ̀bùn pàtàkì ní Ìlú Ọba ní ọdún kejì, lẹ́yìn náà ó lọ jókòó sí àyè rẹ̀ bí ìwé ti ń ṣe. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tó jáde, ní 2021, àwọn ọ̀dọ́ lórí TikTok bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò kéékèèké sọ bí ìwé náà ṣe mú wọn sunkún, ìwé ọlọ́dún mẹ́wàá sì padà wá wà lára àwọn tó ń tà jù lọ. Ìtàn ogun Tírọ́ì ló wà nínú rẹ̀, ìtàn tó ti gbó ju ìgbà Jésù lọ. Wọn kò tún un kọ, wọn kò sì mú un rọrùn sí i. Àwọn tó kà á ló sọ̀rọ̀ síta, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti lè gbọ́. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, Lápàdé tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí àti Tafá Ìgírípá ń lé ọ̀daràn kiri, èdè inú rẹ̀ sì yára bí ẹsẹ̀ ẹni tí wọ́n ń lé. Ohun tó kù fún un ni ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Irú ọ̀rọ̀ wo ni? Níbí ni mo ti gbà pẹ̀lú àwọn alátakò dé ìwọ̀n àyè kan. Ẹni tó gbé àwòrán èèpo ìwé síta, tó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìwé yìí dùn kọjá àfẹnusọ, pé ẹ lọ kà á, kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. A kò mọ ẹni tó kọ ọ́, a kò mọ ohun tó dá lé lórí, a kò mọ ibi tí a ti lè rí i. Ẹ wá wo ìjúwe tó ń ṣiṣẹ́. Ó kọ orúkọ ìwé náà pẹ̀lú àmì ohùn, ó sì tún kọ ọ́ láìsí àmì kí ẹni tó ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè rí i. Ó dárúkọ òǹkọ̀wé, ilé-iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ àti ọdún tó jáde. Ó fi gbólóhùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láìtú àṣírí ìparí. Ó sọ ẹni tí yóò gbádùn rẹ̀: ṣé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ṣé àgbàlagbà tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ni, ṣé ẹni tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Yorùbá kà ni. Ó sọ ibi tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó sọ ibi tí ó ti rà á àti iye tí ó rà á. Ìjúwe bẹ́ẹ̀ kò ju ojú ìwé fóònù kan lọ, síbẹ̀ ó ṣe iṣẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé wa kì í ṣe fún ìwé tiwọn. Mo rò pé ìdí gan-an tí àwọn kan fi ń kọnu sí àwọn tó ń júwe ìwé nìyẹn: wọ́n ń fi èyí tó burú jù lọ nínú iṣẹ́ náà dá gbogbo rẹ̀ lẹ́jọ́. Bí a bá fi àwọn tó burú jù lọ dá oníwàásù tàbí akọ̀ròyìn lẹ́jọ́, iṣẹ́ wo ni yóò dúró?

Ẹ̀sùn kìíní ni pé lámèyítọ́ kọ́ nìyẹn, pé kí á fi ọ̀rọ̀ ìwé sílẹ̀ fún àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn onímọ̀, gbèsè tí a jẹ wọ́n kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí iṣẹ́ wọn dé. Ìwé tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ lórí ìtàn àròsọ Fágúnwà ní 1974, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń gbé ara lé títí di òní, èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Èyí yé mi, nítorí èdè yunifásítì nìyẹn. Síbẹ̀ ìyá tó ka Igbó Olódùmarè, ìwé Fágúnwà, fún àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní ìwé yẹn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni mẹkáníìkì tó ń ka ìwé ìròyìn Aláròyé nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ìmọ̀ wọn lórí ìwé, ibi tó dùn wọ́n, ibi tí kò yé wọn, ibi tí wọ́n ti bá Fágúnwà jà lórí ọ̀rọ̀ obìnrin, kò ní ibi tí wọ́n lè gbé e sí títí fóònù fi dé. Onímọ̀ àti òǹkàwé lásán kò bá ara wọn du àga kan náà. Bí òǹkàwé bá ti pọ̀ tó ni onímọ̀ ṣe ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ẹ̀sùn kejì wúwo ju èyí lọ, n kò sì ní fẹnu tẹ́ẹ́rẹ́ sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń júwe ìwé ni wọ́n ti ń fi odindi ìwé ránṣẹ́ bíi PDF, láìgba àṣẹ ẹnikẹ́ni. Olè ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, kò gbà á láyè. Fágúnwà kú ní 1963. Ẹ̀tọ́ sì wà lórí iṣẹ́ òǹkọ̀wé fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé títí di òpin 2033 ni ìwé rẹ̀ fi jẹ́ ogún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó ń pín in kiri ń jẹ nínú ogún olóògbé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó fi ìwé ránṣẹ́ kò gbọdọ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tó dárúkọ ìwé. Oògùn rẹ̀ sì wà nínú ìjúwe fúnra rẹ̀: ẹni tó bá mọ ilé ìtàwé tí ìwé wà àti iye tó jẹ́, kò ní àwáwí mọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ìwé tí wọ́n ti dẹ́kun títẹ̀ fún ogún ọdún, tí wọn kò sì tà lórí ayélujára, wọ́n ti fi ọwọ́ ara wọn ju òǹkàwé sọ́dọ̀ olè.

Ẹ̀sùn kẹta ni èyí tó dùn mí jù, nítorí òótọ́ ni. Ìwé tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń júwe fún ara wọn, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó ń bínú sí èyí jàre, àmọ́ ibi tó kọ ìbínú rẹ̀ sí ni kò tọ́. Gẹ̀ẹ́sì ní onílù púpọ̀. Ẹ̀bùn Lítíréṣọ̀ Nàìjíríà tí ilé-iṣẹ́ NLNG dá sílẹ̀ ní 2004, tí owó rẹ̀ di 100,000 dọ́là ní 2011, ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo èyí tó ti gbà á láti ìgbà náà. Ìwé tó bá gbà á, ìwé ìròyìn á gbé e, tẹlifíṣọ̀n á gbé e. Ìwé Yorùbá kò ní onílù kankan àfi ẹni tó bá kà á. Nítorí náà, ẹni tó mọ Yorùbá kà, tó dákẹ́ torí pé ó ka ọ̀rọ̀ orí ayélujára sí eré ọmọdé, òun gan-an ló ń fi àyè sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọ̀dọ́ kò lé Yorùbá kúrò níbẹ̀. Àwọn àgbà tí ó yẹ kó mú un débẹ̀ ni kò wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìkéde àjọ̀dún àti ìpàdé ìwé. Láti 1999 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà ti Èkó tí gbogbo ènìyàn ń pè ní LABAF. Ní 2013, Lọlá Ṣónẹ́yìn dá àjọ̀dún Aké sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ìlú tí Townsend ti tẹ ìwé ìròyìn rẹ̀. Ní 2018 ó gbé e lọ sí Èkó. Nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo ènìyàn mọ́lé ní 2020, orí ayélujára ni wọ́n ti ṣe Aké ti ọdún náà, ẹni tó wà ní Ìlọrin tàbí Ìlú Ọba sì lè jókòó sílé rẹ̀ kó gbọ́ òǹkọ̀wé lẹ́nu ara rẹ̀. Ìkéde tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan ló ń gbé ènìyàn lọ sí irú ibẹ̀. Èyí tí kò sọ ọjọ́, agogo, iye owó ẹnu ọ̀nà, ọkọ̀ tí ènìyàn lè wọ̀ débẹ̀, àti bóyá wọn yóò sọ Yorùbá níbẹ̀, ìkéde tí kò pé ni.

Nítorí náà, mo ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ mọ Yorùbá kà, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin akọ̀ròyìn rédíò, ẹ̀yin òbí tó wà lókè òkun: ìwé Yorùbá tí ẹ kà gbẹ̀yìn, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó, ẹ sọ ibi tí ẹ ti rà á. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp tí ẹ wà lónìí, ì báà jẹ́ ti mọ̀lẹ́bí tàbí ti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan náà. Bí ẹnì kan bá sì bi yín léèrè pé níbo ni òun ti lè rí i rà, ẹ dá a lóhùn.